Bí Òróró Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Ṣe Di Ti Pẹ́pẹ́yẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹyẹ ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, omi àti Pẹ́pẹ́yẹ kì í kí ara wọn. Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ta ló kọ́ ẹyẹ ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Ọmọ tó bá ń da ìbéèrè bo ẹni tó ń sọ ìtàn, oorun ni yóò gbé e lọ kí ìtàn tó dé àárín.

Láyé ọjọ́un, bí ìrì òwúrọ̀ bá kán sí Pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn, ìyẹ́ rẹ̀ á fà á mu tán, á sì wúwo débi pé ìrìn á di ìṣòro. Ìyẹ́ náà ni aṣọ rẹ̀. Funfun ni, ó mọ́ tónítóní, Pẹ́pẹ́yẹ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn ẹnikẹ́ni ní àdúgbò. Bí eruku bá bà lé e, á dúró láàárín ọ̀nà, á gbọ̀n ọ́n dànù. Bí wọ́n bá gbé epo kọjá, á yà fún un bí ẹni rí ejò.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù láti ìlú lọ sí oko. Ó ń rí jẹ, àmọ́ ẹ ò lè mọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ le koko. Ó lè ná ọjà títí ọlọ́jà á fi máa tọrọ àforíjì pé òun tiẹ̀ pàtẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Pẹ́pẹ́yẹ yé ẹyin. Kò ráyè sàba lé e, ó sì kó o lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Adìẹ, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Òròmọ. Ahéré kan létí odò ni Ìyá Òròmọ ń gbé. Ó gbà láti ṣe é, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀.

"Màá bá ọ sàba," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé odò yìí máa ń kún bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹyin bá pa, ìwọ ni kí o fi kẹ̀kẹ́ wá kó àwọn ọmọ rẹ. Èmi ò lágbára àtikó ọmọ ọlọ́mọ sá fún omi."

"Ṣé ìyẹn náà lò ń sọ?" ni Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn. "Kẹ̀kẹ́ mi ń bẹ."

Kẹ̀kẹ́ ń bẹ lóòótọ́. Ṣéènì ni kò sí. Òjò àkọ́rọ̀ kan ló rọ̀, ṣéènì tó ti ń dípẹtà láti ẹ̀ẹ̀rùn sì rún wómúwómú bí ìpékeré. Pẹ́pẹ́yẹ ṣa àjákù rẹ̀ nílẹ̀, ó wò ó, ó pòṣé. Ó pinnu pé òun á ra òmíràn, èyí tí kì í dípẹtà, tí kò sì wọ́n. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ, ṣebí irú ọjà tí gbogbo àgbà ń wá nìyẹn.

Ìsọ̀ Alágẹmọ ló kọ́kọ́ yà sí. Kò sí ohun tí oníbàárà lè béèrè tí Alágẹmọ á ní òun ò ní. Ó gbé ṣéènì kan jáde tó ń kọ mànà.

"Ṣé èyí kì í dípẹtà?" ni Pẹ́pẹ́yẹ bi í.

"Ìpẹtà kẹ̀? Ìpẹtà ò mọ ilé rẹ̀."

"Ṣé kò wọ́n?"

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á," ni Alágẹmọ wí. Ó rí i pé ojú Pẹ́pẹ́yẹ yí padà, òun náà bá yí padà lójú ẹsẹ̀. "Àmọ́ nítorí tìrẹ, ó ti di ọ̀pọ̀."

Ọjà tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó ná an, ara máa ń fu Pẹ́pẹ́yẹ sí i. Ó fi àgógó ẹnu rẹ̀ ha ṣéènì náà níkọ̀rọ̀ kan. Ọ̀dà funfun ṣí kúrò, abẹ́ rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú fún ìpẹtà. Alágẹmọ wo ṣéènì, ó wo Pẹ́pẹ́yẹ, òun náà wá pupa rúsúrúsú, ó ní òun ń lọ jẹun.

Pẹ́pẹ́yẹ jáde níbẹ̀, orí rẹ̀ wú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó máa rẹ́ òun jẹ, wọn ò tíì bí i.

Ó kọjá sí ìsọ̀ Àkókó, alágbẹ̀dẹ. Ìdí igi ayùnrẹ́ ló wà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Láti àárọ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ ko-ko-ko níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Àkókó dára, ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Ó ju ṣéènì méjì síwájú Pẹ́pẹ́yẹ.

"Funfun yìí, bí o rì í sínú odò títí di ọdún tó ń bọ̀, bó ṣe wà lo máa bá a. Àmọ́ bí o ta kẹ̀kẹ́ rẹ, tí o ta ara rẹ mọ́ ọn, o ò lè rà á. Dúdú yìí ni agbára rẹ ká. Mo sun ún níná títí ó fi dúdú, ìpẹtà ò sì ní rí i gbé ṣe, bí o bá ṣá ti ń fi òróró pa á lára."

Pẹ́pẹ́yẹ fi àgógó ha dúdú. Ó dúdú lókè, ó dúdú nísàlẹ̀. Ó ní òun mú un. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó yàn dáadáa. Ẹni tó bá sọ pé Pẹ́pẹ́yẹ ò mọ ọjà rà, irọ́ ló pa mọ́ ọn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ra ọjà nígbà náà. Àkókó pe iye tirẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ pe tirẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wò. Àkókó bú u, Pẹ́pẹ́yẹ dúpẹ́, ó sì tún dín iye rẹ̀ kù. Nígbà tó rẹ Àkókó, ó gbà.

"Èènì mi dà, bàbá?" ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Ẹ̀yin náà mọ èènì. Bí a bá ra ọjà tán, ọlọ́jà á fi nǹkan díẹ̀ lé e kí inú wa lè dùn lọ sílé. Àkókó mú kèrègbè kékeré kan tó fi kọ́ ara igi, òróró kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

"Ẹni tó bá ra ṣéènì dúdú lọ́wọ́ mi, òróró ni mo fi ń ṣe èènì fún un."

Pẹ́pẹ́yẹ fà sẹ́yìn. "Òróró, pẹ̀lú aṣọ funfun yìí? Ẹ má bínú, bàbá, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Aago kẹ̀kẹ́ tó wà lókè yẹn ńkọ́?"

"Aago kì í gba ṣéènì lọ́wọ́ ìpẹtà."

"Àmọ́ ó ń dún."

Àkókó wò ó títí. "Èènì kan ni mò ń fúnni. Mú èyí tó bá wù ọ́. Àmọ́ bí ó bá bàjẹ́, má wá sunkún sí mi nísọ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ mú aago. Àkókó gbé kèrègbè kọ́ padà, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tó ń jayé tó Pẹ́pẹ́yẹ. Kíríń-kíríń nìkan lẹ ó gbọ́, gbogbo ẹyẹ á sì yà fún un lọ́nà. Ṣéènì ńkọ́? Ó ń tọ́jú rẹ̀ gidigidi, bó ṣe ń tọ́jú aṣọ. Láràárọ̀ ni á ká ìyẹ́ rẹ̀ sókè kí omi má baà ta sí i, á bọ́ ṣéènì, á fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, á sì sá a sórí okùn. Ẹ gbọ́ mi yé: omi ló fi ń fọ irin tí kò fẹ́ kó dípẹtà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní àwọn ọ̀bùn ni ṣéènì wọn máa ń bàjẹ́.

Nígbà tó yá, ṣéènì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń pọ́n," ni Pẹ́pẹ́yẹ ń wí kiri. "Fífọ̀ ló ń mú ẹwà rẹ̀ jáde."

Ṣéènì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ó bá ń yí. Pẹ́pẹ́yẹ á yáa tẹ aago kí ó má baà gbọ́ ọ.

Òjò wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lékèélékèé fò wá láti etí odò, ó jíṣẹ́ fún un.

"Ìyá Òròmọ ní kí n sọ fún ọ pé ẹyin ti pa. Ó ní odò ti wọ àgbàlá. Ó ní bí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ, kí o fi sílẹ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ fò dìde. Ó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gùn ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Bó ṣe dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níwájú ìsọ̀ Àkókó gan-an, ni ṣéènì bá já. Kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà tirẹ̀, Pẹ́pẹ́yẹ gba tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yí nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi balẹ̀ gbì.

Ó dìde, ó wo ìsàlẹ̀. Omi ti yí ahéré ká. Ìyá Òròmọ wà lórí òrùlé, ó ń ké. Àwọn ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ ò lè fò, wọ́n fún ara wọn pọ̀ sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé nílẹ̀, omi sì ń gun odó náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ sáré sọ̀ kalẹ̀, ó kó sínú omi. Lójú ẹsẹ̀ ni aṣọ rẹ̀ mu omi yó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Agbára káká ló fi wọ́ ara rẹ̀ padà sórí ilẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kò sunkún ṣéènì, kò sunkún aṣọ.

"Àwọn ọmọ mi," ni ó ń wí. "Mi ò tíì fojú kàn wọ́n rí."

Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ padà lọ bá Àkókó. "Bàbá, ẹ gbà mí. Ẹ fún mi ní ṣéènì funfun yẹn. Iye tí ẹ bá pè ni màá san."

Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ọjọ́ tó sì sọ ọ́, kò wúlò.

"Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ lórí omi?" ni Àkókó bi í. Ó mú àjákù ṣéènì dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Kí lo fi ṣe?"

"Mo ń fọ̀ ọ́ ni, bàbá. Lójoojúmọ́."

"Omi lo fi fọ̀ ọ́?"

"Omi àti ọṣẹ."

Àkókó jókòó. Ó gbé àjákù náà lé itan.

Pẹ́pẹ́yẹ gbójú sókè, ó rí kèrègbè òróró lára igi. Òróró ti kán sí i lára, omi òjò sì ń ro láti orí ewé bọ́ sórí rẹ̀. Omi náà ò dúró níbẹ̀. Bó ṣe ń kàn án ló ń yọ̀ lọ.

"Bàbá, kí ni òróró yìí ń ṣe fún irin gan-an?"

"Kì í jẹ́ kí omi ríbi wọlé."

"Ẹ gbé e fún mi."

"Èènì kan ni mò ń fúnni," ni Àkókó wí, torí àwọn kan wà tí ìwà wọn kì í yí padà nítorí pé odò kún. "Aago lo mú."

Pẹ́pẹ́yẹ tú aago, ó gbé e sí i lẹ́sẹ̀. Àkókó kọ́kọ́ dán an wò bóyá ó ṣì ń dún, kí ó tó gbé kèrègbè sílẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó da òróró sórí aṣọ funfun tó ti ń ṣìkẹ́ láti kékeré. Ó fi ẹnu pa á sáyà, ó pa á sábẹ́ apá, ó pa á dé ìrù. Ó so kèrègbè pẹ̀lú òróró tó kù nínú rẹ̀ mọ́ ìdí nítorí àwọn ọmọ, ó sì bọ́ sómi. Omi kàn án, omi yọ̀ kúrò. Ó léfòó. Bó ṣe máa ń tẹ kẹ̀kẹ́ ló ṣe ń tẹ omi, ó sì ń lọ.

Nígbà tó máa fi dé ibẹ̀, omi ti ń lá ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ó ń ti ẹnu bọ kèrègbè ní ìdí, ó ń pa òróró sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ́ sómi tẹ̀lé e. Kò sí èyí tó rì nínú wọn.

Ó gbójú sókè. "Ìyá Òròmọ, sọ̀ kalẹ̀ wá. Òróró ṣì kù."

Ìyá Òròmọ wo bí òróró ṣe ń kán lára ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi? Kí n wá ba aṣọ mi jẹ́ báyìí? Ẹ máa lọ. Màá dúró kí omi fà."

Ó dúró lóòótọ́, òjò sì tún dé bá a lórí òrùlé. Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń wá ibi gíga sùn. Bí òjò bá pa á, ẹ máa káàánú rẹ̀ díẹ̀, ẹ má ṣe é jù.

Láti ọjọ́ náà náà ni Àkókó ò ti bi oníbàárà léèrè mọ́. Òróró ti máa ń wà lára ṣéènì tuntun kó tó jáde nísọ̀, ẹ fẹ́ ni o, ẹ kọ̀ ni o.

Ní ti Pẹ́pẹ́yẹ, kèrègbè náà lẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí, kò ṣí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni òun àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ti ń ti ẹnu bọ ìdí, tí wọ́n ń fi pa ìyẹ́ láàárọ̀ lálẹ́, tí omi ò sì ràn wọ́n mọ́. Aṣọ tó torí rẹ̀ kọ òróró ńkọ́, èyí tí ì bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ lọ wò ó létí odò. Ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.