Ẹkún Tí A Ṣì Sun Létí Bọ́dà

"Orúkọ àyálò, ẹkún àṣìsun ní í bí." Bí ẹ bá ti gbé ní Ìdí-Ọsẹ̀, ìlú wa létí bọ́dà, ẹ ó ti gbọ́ òwe yìí títí tó fi sú yín. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Ìyá Oyè bí ọkùnrin méjì, Oyèbọ̀dé àti Abíọ́nà. Wọ́n jọra débi pé ará ilé gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. Oyèbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n, ń gbé ní abúlé kejì, ó sì máa ń kó gàrí lọ tà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà. Abíọ́nà, bíríkìlà, wà lọ́dọ̀ ìyá wọn. Nígbà tó gbọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ṣùgbọ́n kò ní káàdì ìdánimọ̀ tí àwọn aṣọ́bodè ń béèrè. Ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ yá mi ní káàdì yín. Ojú kan náà la ní."

"Gbà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Màámi gbọ́ o, wọn ò ní jẹ́ ká sinmi."

Abíọ́nà purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé Ìlaròó lòun ń lọ, ó sì kọjá bọ́dà wẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí àkàbà fi yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó já lulẹ̀, ó sì kú. Orúkọ orí káàdì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀. A kì í jẹ́ kí òkú ọ̀fọ̀ sùn mọ́jú, nítorí náà wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi káàdì rán Láwàní, awakọ̀ ìlú wa, sí Ìyá Oyè.

Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ojú òkú, kò sì sẹ́ni tó dé abúlé Oyèbọ̀dé. Ìyá Oyè sunkún Oyèbọ̀dé títí omijé fi gbẹ lójú rẹ̀, ó wá ń tu ara rẹ̀ nínú pé, "Abíọ́nà mi ṣì wà ní Ìlaròó."

Àfi bí Oyèbọ̀dé ṣe ru àpò gàrí wọlé lọ́jọ́ ọjà, tó ń kí ìyá rẹ̀ láti ojúde! Àwọn abánikẹ́dùn fi bàtà sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sá. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àkúdàáyà, ó bá pariwo.

"Ọmọ mi ò kú! Ẹ padà wá, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló wà láàyè!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Oyèbọ̀dé náà ń rẹ́rìn-ín, títí Láwàní fi padà wá, tó na káàdì sí i. Àpò gàrí já bọ́ láti orí rẹ̀.

"Oyè, kí ló dé? Ṣé kì í ṣe tìẹ ni?" Ìyá rẹ̀ ṣì ń jó.

"Tèmi ni, Màámi." Ó dọ̀bálẹ̀ sínú gàrí tó fọ́n ká. "Abíọ́nà ni mo yá ní káàdì náà."

Ijó dúró. Ìyá Oyè fẹ́ sunkún Abíọ́nà. Ó la ojú, kò sí omi. 

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ìlú wa fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ẹlòmíràn rìn. Orúkọ àyálò, ẹkún àṣìsun ní í bí. Ìgbà tó bá sì kan ẹkún ẹni tó kú gan-an, omijé á ti tán.