Ọjọ́ Ìbò tí Ọ̀kẹ́rẹ́ Pọnmọ

Àlọ́ o! Ẹ dáhùn dáadáa, àbí oorun ti ń kùn yín? Ẹn-ẹ́n.

Àlọ́ mi fò kọjá òkun, ó bà sí ìlú ẹranko kan l'Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ dìbò yan olórí ìlú àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àgbò fẹ́ ṣe olórí, Ọ̀kẹ́rẹ́ náà fẹ́ ẹ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní bí òun bá wọlé, òun á kọ́lé tí àwọn ìyá á máa gbọ́mọ sí bí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìbò, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń lọ dìbò, ló bá pàdé Adìyẹ.

"Àǹtí Ọ̀kẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá mi wo ọmọ."

"Kó wọn wá. Tètè lọ dìbò."

Adìyẹ kó tirẹ̀ lọ tán, Ehoro kó tirẹ̀ dé. Ehoro lọ tán, Òkété gbé ẹyọ kan dé, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀n ọ́n. Ẹ gbè é:

Ọmọ Òkété, dákẹ́ ẹkún
— Ìyá ń bọ̀!
Ìbò ló lọ dì, kò ní pẹ́ dé
— Ìyá ń bọ̀!

Ìbò parí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ò dìbò. Wọ́n kà á: ìbò kan ṣoṣo ni Àgbò fi borí.

Òkété dé, ó dorí kodò. "Àǹtí, ẹ má bínú. Àgbò ni mo dìbò fún. Mo ti ṣèlérí fún un tẹ́lẹ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ tú ọ̀já.

"Rọra gbà á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Ọmọ sùn, àlọ́ mi náà sùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Òkété ò rí oorun òru sùn mọ́.