Iṣu Èṣí Tó Gun Odò Dé Etídò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò tíì jáde. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi já ṣòòrò láti orí òkè, ó kó sínú odò gbàmù, ó ń wẹ̀ bọ̀. Kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjàpá. Ó dá lórí Awẹ̀ró, ìyàwó tuntun tó kó iṣu lé orí omi.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà lórí òkè tó ń jẹ́ Àjẹṣẹ́kù. Ilẹ̀ wọn dára. Iṣu wọn ń ta bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gún un níyán, ó kù. Wọ́n sè é jẹ, ó kù. Wọ́n fi ṣe èlùbọ́, ó tún kù sínú àká.

Àṣà kan wá wà nílùú náà. Bí iṣu tuntun bá ti fẹ́ wọlé, olúkúlùkù á kó iṣu èṣí jáde nínú àká rẹ̀, á rù ú lọ sí èbúté, á dà á sódò. Ẹni tí òkìtì rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ará ìlú mìíràn jẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ iṣu èṣí rẹ, oríire rẹ ló jẹ. Ìyàwó tó bá dán an wò, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò padà sí.

Iṣu yẹn kì í léfòó o. Ṣe ló ń rì sí èbúté, á máa jẹrà. Eṣinṣin á bo ìlú. Òórùn á gba ojú ọ̀nà. Inú á máa run àwọn ọmọdé. Àwọn ará ìlú á ní, "Bí àsìkò yìí ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àjàgbé gbé Awẹ̀ró níyàwó láti Etídò, ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ odò. Ọmọ apẹja ni Awẹ̀ró. Ó mọ odò náà bí ẹni mowó.

Lọ́jọ́ kan, Awẹ̀ró ń fọ aṣọ létí odò. Ni lékeléke kan bá bà sórí àpáta.

Lékeléke ní, "Awẹ̀ró, ọmọ Etídò!"

Awẹ̀ró ní, "Mo gbọ́."

"Omi kún, ó ya wọ oko yín. Ó gbé àgbàdo lọ. Ó gbé kókò lọ. Ó gbé ẹ̀wà lọ. Ẹja pàápàá ti bá a lọ."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ewé lásán ni ìyá rẹ ń sè. Àwọn ọmọdé kò sunkún mọ́. Agbára ẹkún ti tán lára wọn."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Awẹ̀ró. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí orí àká tó kún. Ó wo ìsàlẹ̀ odò. Ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ebi ń pa ìyá mi. Ẹ jẹ́ ká fi iṣu èṣí wa ránṣẹ́ sí wọn."

Àjàgbé di orí mú. "Awẹ̀ró, ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n wọn á lé ọ lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé ọ lọ."

Ààfin Baálẹ̀ ni Awẹ̀ró gbà lọ. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìjòyè.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Iṣu tí a bá ti dà sódò, ta ló ni ín?"

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ìbéèrè ìyàwó tuntun! Odò ló ni ín."

"Bí odò bá gbé e lọ ńkọ́?"

"Kó gbé e lọ síbi tó bá wù ú. Ta ló ń bá odò ṣẹjọ́?"

"Ẹ ṣeun o, Baálẹ̀."

Bó ṣe jáde báyìí, eré ló bú sí! Ó wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀. Ó wọ́ wọn dé etí odò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so wọ́n pọ̀, ọ̀kan mọ́ ọ̀kan. Àjàgbé bá a níbẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹní ni mò ń tẹ́ fún iṣu. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í rì."

Àjàgbé wò ó, ó wò ó, ó wò ó. Ló bá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fa àdá yọ. "Sún síhìn-ín. Okùn tí o ta yìí kò le tó."

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n ń da iṣu sódò pé, gbogbo ìlú rọ́ wá sí èbúté pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí. Awẹ̀ró ti wà nínú odò, omi mù ún dé ìbàdí. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ rẹrẹ lójú odò.

Ó kígbe, "Ẹ dà á síhìn-ín! Ṣebí odò náà nìyí?"

Ọkùnrin kan da tirẹ̀ lé e. Iṣu jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó pariwo, "Kò mà rì!"

Háà! Ariwo ta. Òkìtì tó máa ń wọmi lọ ti wá ga síta gbangba, gbogbo ojú ń rí i. "Tèmi ló ga jù!" "Irọ́ ni, ẹ wo tèmi!" "Ẹ yàgò, mo tún ń bọ̀!" Àwọn mìíràn sáré padà sílé, wọ́n gbá àká wọn mọ́ féfé.

Ni Baálẹ̀ bá yọ. "Ta ló ní kí iṣu má rì?"

Wọ́n na ìka sí Awẹ̀ró.

Awẹ̀ró ní, "Baálẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kí odò gbé e lọ síbi tó bá wù ú."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Baálẹ̀ la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò tíì jáde tí Àjàgbé fi gé okùn èbúté, fàù! Awẹ̀ró fò sórí igi iwájú pẹ̀lú ọ̀pá oparun. Odò gbé wọn. Ó figbe orin ta. Ẹ bá mi gbè é o:

Odò, rọra gbé e o,
*Olólo, jẹ́jẹ́.*
Ebi ń pa ìyá mi nísàlẹ̀,
*Olólo, jẹ́jẹ́.*
Má jẹ̀ẹ́ kó rì o,
*Olólo, jẹ́jẹ́.*
Má jẹ̀ẹ́ kó rà o,
*Olólo, jẹ́jẹ́.*
Gbé e dé Etídò fún mi,
*Olólo, jẹ́jẹ́.*

Omi yára. Wọ́n dé ibi tí odò ti yí kọ́rọ́. Àpáta ńlá dábùú ọ̀nà. Gbì! Igi há. Okùn ń já, iṣu ń bọ́ sómi. Awẹ̀ró ti ọ̀pá, kò mì. Ó tún tì í, kò mì. Ó figbe orin ta, ó fi gbogbo ara tì í, igi fò kúrò lẹ́nu àpáta!

Lékeléke ti fò ṣáájú dé Etídò. "Ẹ na àwọ̀n! Ẹ na àwọ̀n! Ẹ na àwọ̀n!"

Wọ́n ní, "Àwọ̀n kẹ̀? Nígbà tí kò sí ẹja?"

Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé orin dé. Ìyá Awẹ̀ró dìde lórí ẹní. "Ohùn ọmọ mi nìyẹn! Ẹ na àwọ̀n!"

Àwọn tí kò lè rìn mọ́ sáré. Wọ́n na àwọ̀n láti etí odò kan dé èkejì. Iṣu dé, ó kó sí i gbàà! Awẹ̀ró ń lé orin, gbogbo Etídò ń gbè é: *Olólo, jẹ́jẹ́!* Ìyá rẹ̀ wọ inú omi tọ̀ ọ́ lọ, ó dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ọmọ mi, iṣu ta nìyí?"

"Iṣu odò ni, Ìyá."

Èéfín rú ní gbogbo ààrò. Àwọn ọmọdé jẹun yó, wọ́n tún rántí bí wọ́n ṣe ń jà. Etídò kò sì dá jẹ ẹ́. Wọ́n wa ọkọ̀ gbé e dé àwọn abúlé tó kù tí omi bà jẹ́.

Awẹ̀ró kò gbójú lé àtipadà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkọ rẹ̀.

Ní Àjẹṣẹ́kù, wọ́n ń retí ibi. Ibi kò dé. Wọ́n wu iṣu tuntun, ó tóbi. Eṣinṣin kò yọjú. Òórùn kò sí. Inú kò run ọmọ kankan. Baálẹ̀ bu omi odò mu ní èbúté. Ó wá ní, "Àjàgbé, lọ mú ìyàwó rẹ wá."

Awẹ̀ró dé, ó kúnlẹ̀. Gbogbo ìlú pé jọ.

Baálẹ̀ ní, "Awẹ̀ró, mo ní ìbéèrè kan."

"Mo ń gbọ́, Baálẹ̀."

"Ìgbà wo lo tún máa so igi ọ̀gẹ̀dẹ̀? Àká mi ṣì kún."

Ìlú hó yèè! Àjàgbé gbé ìyàwó rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ọmọ. Láti ìgbà náà, Àjẹṣẹ́kù kì í dúró kí iṣu fẹ́ rà kó tó rántí aládùúgbò.

Ẹ̀kọ́ ààlọ́ mi ni pé, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ rẹ tí o fẹ́ jẹ́ kó rà, ẹnìkan ń bẹ tí ebi ń pa. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ibi tí ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí o.