Àgbàdo Tí Ìyálé Kò Jẹ́ Kó Gbẹ

Owú orogún ò jẹ́ kí Àrinpé gbádùn lọ́dún tí àgbàdo Mojírádé, ìyàwó kékeré, ta tirẹ̀ yọ. Ó ní àká òun ìyálé ni yóò kọ́kọ́ kún dandan. Mojírádé ń sá tirẹ̀ lórí àpáta títí ó fi ń dún ṣakaṣaka; Àrinpé di tirẹ̀ sápò ní tútù. Àgbàdo náà bu. Ó fọwọ́ ra ohun tó hù bí irun àwọ̀ ewé lára rẹ̀ kúrò, ó fi díẹ̀ ṣe ògì, ó da ìyókù fádìẹ. Kò pẹ́, adìẹ mẹ́sàn-án kú.

Àrinpé figbe ta: "Ìlara! Mojírádé ti fún adìẹ mi ní májèlé!"

Ọkọ wọn la inú adìẹ kan. Àgbàdo bíbu ló tú jáde.

"Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Àrinpé, àpò ta ni èyí ti wá?"

Àrinpé rántí ọmọ rẹ̀ tó mu ògì náà, tó ń bì láti àárọ̀. Kó tó sáré wọ yàrá, Mojírádé ti pọ̀n ọ́n.

"Ìyálé mi, ẹ fẹjọ́ mi sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká tètè dé ọsibítù."