Pátákó Ọ̀dà Lójú Òjò

Ọkùnrin kan gbé ní ìlú tí mo ti ṣe olùkọ́ nígbà èwe mi. Akunlé ni. Ó ṣubú láti orí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán, kò sì jinná dáadáa mọ́. Ẹni tó ń tiro kò lè dúró lórí àkàbà, nítorí náà iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílé, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń dá bùkátà ilé gbé. Ojú tì í.

Nígbà tí ó jókòó báyìí ni ó wá rí ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá ti kun ilé tán ní ìlú náà, ọ̀dà máa ń ṣẹ́ kù sí ìdí garawa. Àwọn akunlé a da àjẹkù yìí sí gọ́tà. Gọ́tà a gbé e lọ sí odò, odò a funfun bí omi ògì, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ a sì máa ṣépè. Òun náà ti dà á rí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí kò ní iṣẹ́, ó wò ó, ó ní, "Ohun tí à ń dà nù yìí, ṣé kò lè kun ògiri ni?"

Ó pa àtíbàbà kan sí ẹ̀yìn ilé ìlagi, ó ní kí àwọn akunlé máa kó àjẹkù wọn wá. Ó ń fi àwọ̀n ẹ̀fọn àlòkù sẹ́ ẹ. Ó ń ya ọ̀dà olómi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dà elépo, ó ń da àwọn àwọ̀ tó bá jọra pọ̀ sínú àgbá, ó sì ń rò ó títí yóò fi dọ́gba. Àwọ̀ tó máa ń jáde níbẹ̀ kì í sí nínú ìwé àwọ̀ kankan. Òmíràn a dà bí ògì bàbà, òmíràn a dà bí eérú. Ó dára lójú, kò sì wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ní ọgbà láti kùn ń rà á, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ni ilé ìtọ̀ ní ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó fi kun pálọ̀ rẹ̀.

Gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn akunlé ìlú yẹn ní àṣà kan: a kì í ṣí garawa ẹlẹgbẹ́ ẹni lójú rẹ̀. Bí akunlé bá gbé garawa fún ọ, tí o ṣí i tí o sì yọjú wò ó, o ti pè é ní olè nìyẹn. Gbogbo wọn ló mọ ìdí tí àṣà náà fi wà. Gbogbo wọn ló máa ń bu omi sí ọ̀dà kí ó lè pọ̀. Ọkùnrin wa yìí pàápàá ti bù ú sí i rí, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé garawa dé, yóò gbà á, yóò kí wọn, yóò béèrè àwọn ọmọ, yóò sì dúró kí wọ́n yí ẹ̀yìn padà kí ó tó dà á sínú àgbá. Nínú àgbá, ta ló tún mọ èyí tí í ṣe ti lágbájá? Ó pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúàbí. Èmi pè é ní ìbẹ̀rù.

Ìyá agbẹ̀bí kan wà ní ìlú náà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìdajì ọmọ ìlú ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ òbí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọ̀dà àjẹkù fún ilé tí èèyàn ń gbé. Ó fi kun iwájú ilé rẹ̀, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé bí ọ̀dà náà bá dúró lára ilé òun, òun yóò dá a lábàá fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ tí ilé ìwé fẹ́ kùn. Yàrá mẹ́jọ! Ọkùnrin náà délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó pẹ́ tí ìyàwó náà ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọ̀dà náà ṣàn láti òkè ògiri wá dé ìpìlẹ̀. Nígbà tí òjò dá, iwájú ilé ìyá agbẹ̀bí dà bí ojú ẹni tó lé tìróò tó sì sunkún. Àwọn aládùúgbò dúró wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ ò rí i? Àjẹkù ni àjẹkù ń jẹ́."

Ìyá náà kò pariwo. Ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìlagi, ó dúró níwájú ọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, mo fọkàn tán ọ." Ó yí padà, ó lọ. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé ká ní ó bú òun ni, òun ìbá mọ èsì tí òun yóò fọ̀.

Ìtìjú bẹ̀rẹ̀ sí í di ìbínú nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń rí fún gbogbo wa. Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ òbí jókòó lórí yàrá mẹ́jọ náà, ó tiro lọ bá wọn. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kun ilé. Ọ̀dà tuntun náà máa ń ṣí, mo fi ojú mi rí i. Ẹ kì í bi oníṣọ́ọ̀bù ní nǹkan kan. Èmi nìkan ni ẹ̀ ń bi."

Ìyá agbẹ̀bí ló dá a lóhùn. "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọ̀dà rẹ ti ṣàn kúrò lára ògiri mi lójú gbogbo ayé. Bó bá dùn ọ́, o jàre. Àmọ́ a ò ní fi ìbínú rẹ kun yàrá àwọn ọmọ."

Ó bínú délé. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dé abẹ́ àtíbàbà. Àwọn akunlé kan tó gbé garawa dé tí wọn kò bá a gbé e padà, wọ́n sì dà á sí gọ́tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló wá bá a wí. Ó ní, "Ṣé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ ni, àbí òótọ́ ni kò dùn ún gbọ́?" Ní ọjọ́ kẹrin ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí ilé ìyá agbẹ̀bí, ó ha ògiri náà mọ́, ó sì fi ọ̀dà ṣọ́ọ̀bù tí òun fúnra rẹ̀ rà kùn ún. Orí àpótí ni ó dúró lé. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dé, ó so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ igi gígùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ṣe ohun tí akunlé kankan kò ṣe rí. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé garawa wá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin náà ṣí garawa náà lójú rẹ̀. Ó ki igi bọ inú rẹ̀, ó gbé igi sókè. Ọ̀dà náà kò dì mọ́ igi, ó ń kán bí omi.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó títí. "Mo wá di olè lójú rẹ nìyẹn?"

"O kì í ṣe olè. Èmi náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ògiri kò mọ ọ̀rẹ́."

Ọ̀rẹ́ náà gbé garawa rẹ̀, ó lọ, kò sì padà wá fún ọdún mélòó kan. Ìyẹn dun ọkùnrin náà ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ó gba àjákù pákó ní ilé ìlagi. Àgbá ọ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ó bá pò, yóò fi kun pátákó kan, yóò kọ ọjọ́ tí ó pò ó sí i lára, yóò sì so ó mọ́ ọgbà, kí ó kọjú sí títì. Ọ̀dà inú àgbá náà kò ní jáde fún títà títí pátákó rẹ̀ yóò fi jẹ oòrùn, tí yóò sì jẹ òjò. Pátákó mẹ́sàn-án ló so ní ọdún yẹn. Nígbà tí òjò tán, méje dúró, méjì bó. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó yọ méjì náà. Ó ní, "Ta ló ń ṣí egbò rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjà?" Ó yọ wọ́n, ó fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn àgbá. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ó tún kó wọn jáde, ó so wọ́n padà sí àyè wọn. Ó ní àlàfo méjì tó wà lára ọgbà náà ń purọ́ fún àwọn tó ń kọjá.

Ìyá agbẹ̀bí ń ti ọjà bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró. Àwọn tó bó ni ó kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Ọ̀dà inú àgbá àwọn méjì yìí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Mi ò ní tà á."

Ó tọ́ ìka rẹ̀ lá, ó fi ra méje tó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìka náà. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ti ń retí yàrá mẹ́jọ. Ìyá náà ní, "Jẹ́ kí wọ́n tún jẹ òjò ọdún kan sí i."

Ọkùnrin náà ní omi lé sí òun lójú. Ó ní ó ṣe òun bíi kí òun fa gbogbo pátákó náà tu. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ó dára, Ìyá." Ó sì dúró.

Òjò ọdún kejì wá, ó lọ. Ìgbìmọ̀ fún un ní yàrá kan péré, èyí tó kángun sí ìwọ̀ oòrùn, tí òjò máa ń nà jù. Ó gbà á, ó kùn ún. Lẹ́yìn òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún un ní méje yòókù, ìpàdé náà kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ọ̀dà tuntun, wọ́n á ní, "Pátákó yín dà?" Oníṣọ́ọ̀bù á ní, "Pátákó wo?" Wọ́n á sì yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á jáde. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ń ta ọ̀dà ní títì yẹn, tuntun tàbí àlòkù, fi so pátákó sójú òjò. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló wá fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ fún wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà padà wá. Ó gbé garawa kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣí i.

Láoyè, ìwọ ni mo ń bá wí. O wá sílé mi ní àárọ̀ yìí, o ní kí n bá ọ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ pé ó tó gẹ́ẹ́. O ní oṣù mẹ́jọ nìyí tí ọtí kò kan ẹnu rẹ, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ padà wálé, ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí o rí ọmọ rẹ, nínú pálọ̀, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí. O ní àwọn ọkọ mìíràn ń mutí, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Òótọ́ ni. Ó dùn ọ́, ó dun èmi náà, nítorí mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ lọ.

Wọn kò kórìíra rẹ. Ìwọ ni o gbé ọmọ rẹ, ọmọ ọdún mẹ́fà, sórí ọ̀kadà nígbà tí ọtí ń pa ọ́, tí o sì gbé e wọ kòtò. Ẹni tó ti bàjẹ́ rí, tó sì ti tún ara rẹ̀ ṣe, kò gbọdọ̀ bínú sí ẹni tó fẹ́ dán an wò. Oṣù mẹ́jọ dára. Kò tíì tó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wẹ̀, wọ aṣọ tó mọ́, kí o lọ jókòó sí pálọ̀ yẹn. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Má béèrè ìgbà tí yóò parí. Bí ọmọ rẹ bá sì bi ọ́ bí apá òun ṣe kán, má sọ fún un pé ọ̀nà ni kò dára.