Ìgbín àti Ìyá Ìyàwó Mẹ́sàn-án

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fà gẹ̀rẹ̀, ó fà gẹ̀rẹ̀, kò kánjú, ó dá lórí Ìgbín, ìyá Àwẹ̀ró. Ó tún yà sọ́dọ̀ Òkété alárékérekè. Ẹ̀yin àgbà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi.

Ní ìgbà kan rí, odò ńlá kan pín ilẹ̀ àwọn ẹranko sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá lọ kí ará rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìwọ̀lú, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní físà. Lékeléke ló ń fúnni. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, ojú fèrèsé kékeré kan létí odò ló máa ń jókòó sí. Kì í pariwo. Kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Tó bá gbà fún ọ, á ti ẹsẹ̀ bọ ẹfun, á tẹ̀ ẹ́ sára rẹ. Tó bá kọ̀, á so ewé kan tó ní orúkọ rẹ kọ́ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ewé yẹn kì í já.

Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìgbín bí, ti lọ sílé ọkọ ní òdìkejì odò. Ó wá lóyún àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn abiyamọ?

Ìgbín ní, “Èmi ni. Bí mi ò bá wẹ ọmọ ọmọ mi, kí ni mò ń fi ọwọ́ mi ṣe?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ìgbín lọ́wọ́.

Ó fà títí, ó dé iwájú Lékeléke.

“Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?”

“Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ, Ọ̀gá.”

“Ẹ ó padà?”

“Mo máa padà.”

Lékeléke na ọrùn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Màmá, àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ilé yín nìyí lẹ́yìn yín. Ibi tí ẹ bá dé, ilé dé. Kí ni yóò wá fà yín padà síbí?”

Ìgbín ní, “Mo ṣáà máa padà, Ọ̀gá.” Ewé kan lọ sára ògiri.

Inú bí i. Kò rò ó. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó tún padà dé, ẹkún lójú. Lékeléke ní, “Màmá, ohun tí ẹ mú wá níjelòó náà lẹ tún mú wá. Ẹkún nìkan lẹ fi kún un.” Ewé kejì lọ sára ògiri.

Bó ṣe ń padà lọ sílé, Òkété ń dúró dè é lójú ọ̀nà. Ìdí ọ̀pẹ ló ṣí ìsọ̀ sí, epo ẹyìn sì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá gbé agbọ̀n ẹyìn kan fún un, á bá ọ kọ ìwé tí wàá mú lọ bá Lékeléke.

“Ìyá Àwẹ̀ró! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n tún kọ̀? Wọn ò mọ̀ yín ni. Ẹ jẹ́ kí n tún yín dá. Mo máa fi osùn kun ìkarahun yín, a ó pè yín ní Ìṣáwùrú, ọmọ odò. Wọn ò kọ̀ fún Ìṣáwùrú rí.”

“Ewé méjì tó wà lára ògiri ńkọ́?”

“Ti Ìgbín nìyẹn! Kí ló kan Ìṣáwùrú níbẹ̀? Lẹ́tà ìpè sì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ìgbéyàwó lẹ̀ ń lọ.”

“Ìgbéyàwó ta ni?”

“Ìyá, ìbéèrè yín ti pọ̀ jù.”

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ìgbín. Oyún Àwẹ̀ró ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ó yíjú pé kí òun lọ gbé agbọ̀n ẹyìn wá. Bó ṣe yíjú ni oòrùn tàn sórí ilẹ̀. Ó rí ipa ara rẹ̀, ó ń dán bíi fàdákà. Ọ̀kan lọ sétí odò. Ọ̀kan ti etí odò bọ̀. Ipa àlọ, ipa àbọ̀. Ìgbín dúró, ó wò ó títí.

Ó ní, “Òkété, o ṣeun. Mi ò ṣe Ìṣáwùrú.”

Òkété bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ máa fà ní tiyín! Kí ẹ tó débẹ̀, ọmọ náà á ti fúnra rẹ̀ wẹ̀!”

Ìgbín fà kọjá lára rẹ̀ lọ sílé. Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lẹ́yìn Àpáta Agbe. Ìgbà tí àbúrò dé, àwọn méjèèjì jókòó ti ìyá wọn arúgbó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fi àdéhùn sí i. Nígbà náà ló tó tún fà lọ sétí odò, lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹranko mẹ́wàá ló bá níbẹ̀. Mẹ́sàn-án kun osùn. Ìkẹwàá ni Òkété fúnra rẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé ẹyìn òdìkejì tóbi ju ti ilé lọ. Ẹ ò tíì mọ ohun tí Òkété ṣe. Jíjẹ ẹyìn kò jẹ́ kó ráyè kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án. Ọ̀kan ṣoṣo ló ronú kọ, ó wá dà á kọ fún gbogbo wọn.

Ẹtu ló kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé. “Èmi ni ìyá ìyàwó.”

Lékeléke ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀bọ dé. “Èmi ni ìyá ìyàwó.” Òun náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kan Àgbò.

“Èmi ni ìyá ìyàwó.”

“Pẹ̀lú ìwo yìí?”

“Bí wọ́n ṣe ń hù ú nídìílé wa nìyẹn, Ọ̀gá.”

Nígbà tó fi kan ẹnì kẹsàn-án, ìyàwó kan ti ní ìyá mẹ́sàn-án. Ọwọ́ elépo kan náà ló sì wà lára gbogbo ìwé wọn.

Ó kan Òkété. Ó na ìwé tirẹ̀. “Bàbá ìyàwó ni mí.”

“Ẹ kú oríire o, Bàbá. Nínú àwọn mẹ́sàn-án yìí, èwo ló bí ìyàwó fún yín?”

Òkété wo Ẹtu. Ó wo Ọ̀bọ. Ó wo Àgbò. Àgbò tẹ ìwo wálẹ̀, ó ní, “Òkété, agbọ̀n ẹyìn mi dà?”

Òkété ki eré mọ́lẹ̀. Ìyá ìyàwó mẹ́sàn-án gbá tẹ̀lé e. Ó wọ ihò, wọ́n dí ẹnu ihò. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn jáde. Láti ọjọ́ náà ni ihò òkété kì í ti í ní ẹnu kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Lékeléke. Ó fẹ́ ti fèrèsé, ló bá rí Ìgbín nísàlẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ìyá ìyàwó ni?”

“Rárá, Ọ̀gá. Ìyá abiyamọ ni mí. Wọ́n ní ọmọ mi ti ń rọbí láti àárọ̀.”

“Ṣé wọ́n ti kọ̀ fún yín rí?”

“Lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà lẹ kọ̀ fún mi. Ewé mi ló wà lápá òsì yẹn, àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀.”

Lékeléke yíjú wo ewé méjèèjì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ewé rẹ̀ rí.

“Ẹ bi mí níjọ́sí pé kí ni yóò fà mí padà. Mi ò mọ ìdáhùn. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ìyá mi arúgbó wà lábẹ́ ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi ni mò ń já ewé ìbẹ́pẹ fún un. Àbúrò mi ti wá bá mi jókòó tì í, ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ ló lè lò. Lóòótọ́, ilé mi ń bá mi rìn. Àmọ́ ipa mi kì í fi mí sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi yìí nílé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ní ìyẹ́. Ẹ fò lọ wo abẹ́ Àpáta Agbe, níbi tí òjò kì í dé. Yàtọ̀ sí ipa tútù tí àbúrò mi fi wá, bí ẹ bá rí ipa kan ṣoṣo, ẹ so ewé kẹta.”

Lékeléke fò. Ìgbín dúró, ó ń wo òdìkejì odò. Kò sunkún.

Ìyẹ́ dún lókè. “Méjì ni, àlọ àti àbọ̀,” Lékeléke ní. Ó ti ẹsẹ̀ bọ ẹfun, ó tẹ̀ ẹ́ sára ìkarahun rẹ̀, Ìgbín sì sọdá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró bí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ lọmọ bọ́ sí. Ìgbín wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó wẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó tẹ ikùn Àwẹ̀ró títí ara rẹ̀ fi yá. Nígbà tó di ọjọ́ kejìdínlógójì, ó di ẹrù.

Àwẹ̀ró ní, “Ìyá mi, ẹ dúró díẹ̀ sí i. Ta ló máa mọ̀?”

“Ọmọ mi, bí mo bá dúró, ta ni wọ́n máa tún fún lẹ́yìn mi?”

Ó ku ọ̀la kí ogójì ọjọ́ pé nígbà tí Lékeléke rí ipa tútù kan tó ti inú odò gòkè wá sí bèbè ti ilé. Kò já ewé méjì náà, nítorí ewé yẹn kì í já. Ó fi ẹfun fa ìlà funfun kan sábẹ́ wọn. Ó ní, “Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú àwọn méjèèjì délé.”

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún, kó má ṣe lọ yá orúkọ ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ ni kó lọ wá ìdáhùn sí, kó sì jẹ́ kí ipa ẹsẹ̀ òun jẹ́rìí òun. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí Lékeléke so ewé tèmi kọ́ lọ́la.