Ìjàpá Tó Ń Bá Ọmọ Rẹ̀ Dáhùn

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ gbé ẹ̀pà yẹn sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́. Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ẹnu ọ̀nà Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló jókòó sí.

Ní ìgbà kan rí, Ìyá Ẹtu ń kọ́ ọmọ àwọn ẹranko ní ọgbọ́n oko. Ẹbìtì ọdẹ ti pa ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí kò fi fi iṣẹ́ náà ṣeré. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn ọmọ dá lọ sóko fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, kí wọ́n fi tún ẹ̀kọ́ wọn yẹ̀ wò. Ihò méjìlá, ẹ̀kọ́ méjìlá. Ihò tí ọmọ ayò rẹ bá parí sí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni wàá sọ. O mọ̀ ọ́n, o jẹ ayò. O ò mọ̀ ọ́n, Ìyá Ẹtu á tún un kọ́ ọ. Ẹni tó bá jẹ jù ni yóò gba agbọ̀n iṣu kan.

Agbọ̀n iṣu nìkan ni Ìjàpá gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó pe Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

"Má da ara rẹ láàmú. Ẹ̀yìn ọgbà Ìyá Ẹtu ni n ó wà. Ohun tí mo bá sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni kí o sọ."

"Bàbá, ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ fúnra mi."

"Iṣu là ń wá, a ò wá ìyọnu."

Ayò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ayò Àwẹ̀ró parí sí ihò keje.

Ìyá Ẹtu bi í pé, "Èkùrọ́ wà lábẹ́ òkúta, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé òkúta dúró. Kí ni?"

Àwẹ̀ró dẹtí sí ẹ̀yìn ọgbà. "Ẹbìtì ni, Ìyá. Ká yà fún un."

Bó ṣe jẹ gbogbo ayò nìyẹn. Ehoro kékeré kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sunkún, Ìyá Ẹtu sì kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjàpá ru iṣu lọ sílé, ó gún un, ó jẹ ẹ́ títí ikùn rẹ̀ fi le.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ lọ sóko. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kò yá, wọ́n fi í sẹ́yìn. Ebi ń pa á. Ó rí èkùrọ́ lábẹ́ òkúta, ó dúró, ó dẹtí sí igbó.

"Bàbá, kí ni kí n sọ?"

Ehoro tó ń padà bọ̀ wá wò ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sáré, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, kò tètè dé ibẹ̀. Ìjàpá wà nílé, iyán ló ń sùn lé lórí. Àwẹ̀ró dúró pẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá na ọrùn sí èkùrọ́. Òkúta já lù ú.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé, tí Ehoro sì sọ ohun tó gbọ́, Ìyá Ẹtu kò jà. Ó kàn bi Ìjàpá pé, "Ọmọ rẹ ni mo bi. Kí ló dé tí o dáhùn?"

Ìjàpá fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, á lọ dúró sẹ́yìn ọgbà yẹn, á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹbìtì ni, ọmọ mi. Yà fún un." Kò sí ẹni tó ń gbọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin òbí ni mo sì ń wò bí mo ṣe ń sọ ọ́: ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ dáhùn nídìí ẹ̀kọ́ kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí oko bá bi ọmọ náà.